Ẹ̀yin àgbà nọ́ọ̀sì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tíátà (yàrá iṣẹ́ abẹ) ni, àbí kí n san owó fún ẹ́jẹ́ńtì?

Ọmọ Òṣogbo RN

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Nọ́ọ̀sì ni mí, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Òṣogbo ni mo wà. Láísẹ́ǹsì mi kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀.

Níbi iṣẹ́ mi, èmi ni mò ń kọ káàdì, èmi ni mò ń gún abẹ́rẹ́, èmi ni mò ń gba owó oògùn. Bí dókítà bá fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ, èmi náà ni mò ń wọlé tì í. Owó oṣù kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù ni pé n kò rí ẹni bi. Àwọn tó kù tí a jọ ń wọ funfun, ojú iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ wọn. Èmi gan-an ni wọ́n ń bi.

Ẹ́jẹ́ńtì kan wá ní tí mo bá lè kó owó kan kalẹ̀, òun á bá mi gba iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní England, pé tí mo bá débẹ̀ tán ni mo máa wá sọ ọ́ di ti nọ́ọ̀sì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n má dá a lóhùn, kí n lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tíátà ná. Ẹlòmíràn ní kí n fúnra mi ṣe ìdánwò NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní Britain. Màmá mi ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ wa. Àdúrà yín dùn mọ́ mi o, àmọ́ àlàyé ni mo ń tọrọ.

---

Màmá Wọ́ọ̀dù

Ọmọ mi, o káre. Mo ti fẹ̀yìn tì, mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ni mo jẹ́ kí n tó kúrò. Àwọn tó wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí á bá ọ sọ ti England. Èmi fẹ́ mú èyí tí o ní o kò rí ẹni bi.

Má kọ̀wé sí àgbà kankan pé "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ máa tọ́ mi sọ́nà". Mo gba irú ẹ̀ púpọ̀ nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, n kì í mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé tí mo máa ń dúró tì ni èyí tó bá wá pẹ̀lú aláìsàn lọ́wọ́. Kó ní: "Mà, obìnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárọ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò yí padà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ lù 88 ní aago 12, ó lù 104 ní aago 2, 122 ló wà báyìí. Ìtọ̀ inú àpò rẹ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ lé sí i. Dókítà ní kí n ṣì máa wò ó. Kí ni ẹ̀yin máa wò?"

Ẹni tó bá bi mí báyìí, oúnjẹ tó wà níwájú mi á dúró ná. Màá ní kó fọwọ́ kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀ obìnrin náà bóyá ó tutù. Kó wo ojú ọgbẹ́, kó sì ti ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, torí ẹ̀jẹ̀ a máa ṣàn lọ sábẹ́ níbi tí ojú kò tó. Kó máa wọn ìtọ̀ ní wákàtí-wákàtí. Ẹni tó bá wúwo tó kílò 60, tí ìtọ̀ rẹ̀ kò tó mílílítà 30 ní wákàtí kan, ọ̀rọ̀ ti wà ńbẹ̀. Lára ọ̀dọ́ pàápàá, ọkàn á ti máa sáré tipẹ́ kí ìfúnpá tó já. Nọ́ọ̀sì tó bá ń retí kí ìfúnpá já kó tó pariwo ti pẹ́ jù. Bí o bá sì tún pe dókítà, má sọ pé "ara rẹ̀ kò dá". Ka nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sí i létí pẹ̀lú aago wọn, wàá rí i bóyá kò ní dìde.

Ibi tí o ti máa rí irú àwa báyìí kò jìnnà. Láísẹ́ǹsì rẹ, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wàá máa tún un ṣe, wọn kò sì ní tún un ṣe fún ọ láìjẹ́ pé o lọ sí MCPDP, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀ranyàn fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọdé, tí wọ́n bá ti gba sátífíkéètì tán, wọ́n ti dé ibùdókọ̀. Dúró. Àwọn àgbà máa ń jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Gbé ọ̀rọ̀ aláìsàn kan lọ bá wọn, má dárúkọ onítọ̀hún o.

---

Akin Manchester

Màmá, ẹ ṣeun. Àbúrò, jẹ́ kí n bá ọ sọ ti ẹ́jẹ́ńtì yẹn kí ilẹ̀ yín tó lọ.

Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tó ń sọ, ìjọba Britain ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ ẹni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ láti 22 oṣù Keje 2025. Físà tó fẹ́ tà fún ọ, kò sí i mọ́. Kódà nígbà tó wà, òfin ò gbà kí ilé-iṣẹ́ gba owó ìwé onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ti nọ́ọ̀sì ṣì wà ní ṣíṣí, kò sì sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí o ti nílò ẹ́jẹ́ńtì.

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí àjọ WHO ní òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó. Nítorí náà, ìlànà Britain kò gbà kí àwọn agbanisíṣẹ́ ibẹ̀ wá máa ṣa nọ́ọ̀sì kiri nílé, àmọ́ ìwọ fúnra rẹ lè kọ̀wé sí iṣẹ́ tí wọ́n bá polówó. Bí ẹnì kan bá wá ní òun ni ọsibítù kan ní London rán wá kó ènìyàn ní Òṣogbo, ìwọ náà ro ó wò.

Bí ọ̀nà náà ṣe rí nìyí. Ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́: tó bá jẹ́ IELTS, 7 nínú kíkà, gbígbọ́ àti sísọ, 6.5 nínú kíkọ. Tó bá jẹ́ OET, ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, B ni mẹ́ta, C+ ni kíkọ. OET ni mo máa ń sọ fún nọ́ọ̀sì, torí lẹ́tà nípa aláìsàn ni wọ́n á ní kí o kọ, ohun tí o mọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, apá kan ìṣirò, apá kejì iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìṣirò yẹn, ìwọ tí ò ń fojú ka ẹ̀kán dríìpù lójoojúmọ́ ti mọ̀ ọ́n: lítà 1 fún wákàtí 8, okùn tó ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà kan, ẹ̀kán mélòó ní ìṣẹ́jú kan? 42 ni. Tí kò bá tíì yá lọ́wọ́ rẹ, máa ṣe é níwájú aláìsàn, kì í ṣe nínú ìwé nìkan.

Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ọ ṣe ìdánwò yẹn o. Ní 2023, NMC rí i pé èsì tó ń jáde láti ibùdó ìdánwò kan ní Ìbàdàn kò bójú mu, wọ́n ní kí àwọn tó ti ibẹ̀ wá tún un ṣe. Àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ níbí wà lára wọn, títí kan àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́.

Ìgbẹ̀yìn ni OSCE, ìdánwò tí wàá ti fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ lójú wọn, níhìn-ín ni wàá ti ṣe é. Póùn 794 ni owó rẹ̀, ọsibítù tó bá gbà ọ́ ló sábà máa ń san án. Ibùdó mẹ́wàá ni wàá yí ká. Mo máa ń bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé múra sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá ló ń gbé wọn ṣubú. Wọ́n á fún aláìsàn lóògùn láìbi í bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Wọn kò ní fi orúkọ àti ọjọ́ ìbí wé ohun tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ gbogbo nǹkan tán, wọ́n á gbàgbé déètì àti ìbuwọ́lùwé. Nílé, nígbà tí aláìsàn bá pọ̀ tó sì jẹ́ pé ìwọ nìkan ni, a máa ń fò ó.

Ohun kan tó kù: ní oṣù Kejì 2024, NMCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, gbé ìlànà jáde pé àwọn ò ní fi ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ sókè òkun àyàfi tó bá ti lo ọdún méjì ó kéré tán lẹ́yìn láísẹ́ǹsì rẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìwà rere láti ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́. Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn ní Àbújá àti Èkó nígbà náà. Ní tìrẹ, ó túmọ̀ sí pé ọdún méjì yẹn kò tíì pé. Ohun tí wàá fi èyí tó kù ṣe ni kí a jọ sọ.

---

Ẹnu Mi Ò Gba Èké

Ẹ kú àlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti dé Manchester lẹ ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kó ní sùúrù. Owó oṣù rẹ̀ ńkọ́? Ta ló máa san owó ilé? Ẹ jẹ́ kó kọ OET, kó kọ CBT, kó máa lọ ní ọjọ́ tí ọdún méjì bá pé. Ẹ̀kọ́ tíátà á wà níbẹ̀ tó bá débẹ̀.

---

Tíátà Ìyá Ìbejì

Ìwọ Ẹnu Mi Ò Gba Èké, mo gbọ́ tìrẹ, màá padà sórí owó. Ohun tó dẹ́rù bà mí nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni kí n kọ́kọ́ mú.

Àbúrò, o ní ìwọ lò ń wọlé ti dókítà tó bá ń ṣiṣẹ́ abẹ. Ta ló ń ka gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń nu ẹ̀jẹ̀ nínú ọgbẹ́?

Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ o. Tíátà ni iṣẹ́ mi, mo sì ti rí ẹni tí wọ́n gbé wá láti ibòmíràn tí ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó sinmi fún oṣù mélòó kan, gọ́ọ̀sì la bá níbẹ̀. Àwa méjì la máa ń kà á, sókè, kí gbogbo yàrá gbọ́. A ó kà á kí ọ̀bẹ tó kan ara, a ó kà á kí wọ́n tó pa inú dé, a ó tún un kà kí wọ́n tó rán awọ. Pátákó ara ògiri la ń kọ ọ́ sí, ẹni tó wọ ìbọ̀wọ́ ń kà, ẹni tó ń rìn káàkiri ń kọ. Tí ó bá dín ní ẹyọ kan, dókítà kò ní rán nǹkan kan, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 2008 ni WHO gbé ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ jáde, èyí tí a máa ń kà lẹ́ẹ̀mẹ́ta: kí wọ́n tó kun aláìsàn lóorun, kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kàn án, àti kó tó jáde ní tíátà. Ojú ewé kan péré ni. Tẹ̀ ẹ́ jáde, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi iṣẹ́ rẹ.

Èyí ni mo fi gbà pé kó kọ́ ẹ̀kọ́ tíátà, kì í ṣe torí England. Iṣẹ́ tí kò tíì kọ́ ló ń ṣe yẹn, ara ènìyàn ló sì ń ṣe é sí. Bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, láísẹ́ǹsì rẹ ni wọ́n á wá.

Owó wàyí. Òótọ́ ni pé kò tó. Ọ̀rọ̀ owó wà lára ohun tó mú kí NANNM, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì wa, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ ní 30 oṣù Keje 2025. Ẹni tó bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ tíátà láìsí ibi iṣẹ́ tó rán an, àpò ara rẹ̀ ni yóò máa ná. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé wá iṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́, kí wọ́n rán ọ lọ. Ó lè pẹ́, mo mọ̀.

---

Ará Arò

Ẹ má bínú, mo kàn fẹ́ fi kan kún un. Nọ́ọ̀sì ọpọlọ ni mí, Arò ní Abẹ́òkúta ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́, ibi tí Dókítà Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú aláìsàn láàárín abúlé ní 1954. Nínú ìwé NMC, nọ́ọ̀sì àgbàlagbà, ti ọpọlọ àti ti ọmọdé kò sí ní ojú kan náà. Ohun tí o bá kà nílé ló máa sọ èyí tí wàá wọ̀. Bí ọkàn rẹ bá fà sí ti ọpọlọ, nílé ni kí o ti gba RPN, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì ọpọlọ. Tí kò bá fà á, má ṣe é nítorí físà. Aláìsàn wa máa ń mọ ẹni tí kò fẹ́ wà níbẹ̀.

---

Ọmọ Òṣogbo RN

Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí Tíátà, ìbéèrè yín kò jẹ́ kí n sùn. Èmi nìkan ni mò ń kà á. Mò ń kà á lọ́kàn.

Mo ti bá màmá mi sọ̀rọ̀, mo fi ohun tí bùrọ̀dá Akin kọ hàn wọ́n. Wọ́n ní kí n bi ẹ́jẹ́ńtì léèrè. Mo bi í nípa 22 oṣù Keje, ó ní òun lè bá mi dín owó kù.

Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé iṣẹ́ ilé ìwòsàn aládàáni wà lára ọdún méjì yẹn? Àti pé báwo ni mo ṣe máa béèrè ìwé ìwà rere lọ́wọ́ ọ̀gá wa, tí wọn kò fi ní rò pé mo ti fẹ́ lọ, kí wọ́n sì lé mi?

---

Akin Manchester

Ó lè dín in dé orí náírà kan, físà ò sí.

Ohun tí ìlànà yẹn kà ni ọdún tí ó ti kọjá lẹ́yìn láísẹ́ǹsì, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ olórí ibi iṣẹ́ wá. Ibi tí wọ́n á ti bi ọ́ nípa aládàáni ni íńtáfíù ọsibítù níhìn-ín. Wọ́n á ní: sọ fún wa nípa aláìsàn kan tí ara rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ, kí ni o rí, kí ni o ṣe, ta ni o pè? Wọn kò bìkítà bóyá bẹ́ẹ̀dì 8 ni ilé ìwòsàn rẹ ní tàbí 800. Ìtàn tí Màmá Wọ́ọ̀dù kọ sókè yẹn, tó bá jẹ́ pé ìwọ lo ṣe é, ó ti tó. Ìdí tí mo fi ní kí o ra ìwé kékeré kan nìyẹn, kí o máa kọ irú ẹ̀ sínú rẹ̀ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá dé iwájú wọn, "mo máa ń tọ́jú aláìsàn dáadáa" ló máa ń sọ.

---

Màmá Wọ́ọ̀dù

Akin, o kò tíì sọ ti ìwé kékeré tẹ́lẹ̀ o, òní lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó dára.

Ọmọ mi, ní ti ọ̀gá yín, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀sì. Wọlé lọ bá wọn ní ìrọ̀lẹ́ tí èrò ti tán, kí o ní: "Sà, mo fẹ́ kí a máa ka gọ́ọ̀sì ní ènìyàn méjì, kí a sì máa kọ ọ́. Mo ti tẹ ìwé rẹ̀ wá, màá kọ́ àwọn tó kù." Dókítà tó ní ilé ìwòsàn, ẹjọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà jù. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí iṣẹ́ rẹ ṣe rí láti ọdún tó kọjá. Kò sí ohun tó kan England níbẹ̀. Tí ọjọ́ ìwé ìwà rere bá wá dé, ohun tí wọ́n máa kọ ti wà nílẹ̀.

Ní ti lílọ, mi ò dá ẹnikẹ́ni dúró. Kofoworola Abeni Pratt, tíṣà ni kó tó di nọ́ọ̀sì. Ní 1946 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London, ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó padà wálé ní 1954, òun ló sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù ní UCH Ìbàdàn. Nígbà tiwa, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń bá wa wí ní wọ́ọ̀dù. Mi ò sọ pé kí o padà bíi tirẹ̀ o, ayé ti yí. Mo kàn ń sọ pé lílọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa fi bú àwọn ọmọ yìí.

---

Ẹnu Mi Ò Gba Èké

Màmá, ìyẹn wọlé. Mo ṣì dúró lórí owó o. Àbúrò, bẹ̀rẹ̀ OET báyìí, má dúró de ọdún méjì kí o tó ṣí ìwé. Kíkọ yẹn ló ń pẹ́.

---

Tíátà Ìyá Ìbejì

Lórí ìyẹn, a fohùn ṣọ̀kan. Tó bá sì jẹ́ dìgírì ló ń wù ọ́, NOUN (National Open University) ní BNSc, dìgírì nọ́ọ̀sì, fún ẹni tó ti gba RN, ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì, o lè máa ṣe é pẹ̀lú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n má kó OET, BNSc àti tíátà papọ̀ lọ́dún kan. Mú ọ̀kan.

Kí o tó pinnu lórí tíátà, wá wò ó. Ọsibítù tí mo wà kò jìnnà sí Òṣogbo. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ńlá wa. Màá bá ọ̀gá mi sọ ọ́, àmọ́ wọ́n á béèrè lẹ́tà láti ibi iṣẹ́ rẹ. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí mi.

---

Ọmọ Òṣogbo RN

Àǹtí, ẹ̀mí yín á gùn o! Mo bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ lánàá bí Màmá ṣe kọ́ mi. Wọ́n ka ìwé gọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́, wọ́n sì ní àwọn á kọ lẹ́tà Ọjọ́bọ̀ náà. Wọn kò bi mí ní nǹkan kan nípa England.

Ṣé kí n mú bàtà àti fìlà tíátà tèmi wá?

---

Tíátà Ìyá Ìbejì

A ní bàtà, a ní fìlà. Ẹ̀dà láísẹ́ǹsì àti lẹ́tà yẹn ni kí o mú dání. Gé èékánná, má lẹ ti àtọwọ́dá, yọ òrùka sílé. Aago méje àárọ̀, kí o sì ti jẹun kí o tó dé, mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ dákú sí mi lọ́rùn.